Ihò píìnì lára káàdì sinimá àtijọ́ kì í ṣe àbùkù

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó káàdì sinimá ayé ọdún 1930 jọ, ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé ṣé ó mọ́. Tó bá rí ihò píìnì ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin báyìí, ojú ẹ̀ á kọ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bíni nínú sha, torí ihò yẹn gan-an ló yẹ kínú ẹ̀ dùn sí.

Káàdì tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n ń tò sí àbáwọlé ilé sinimá ní Amẹ́ríkà, íńṣì 11 sí 14, páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mẹ́jọ ló sábà máa ń jẹ́ fún fíìmù kan, ọ̀kan gbé orúkọ fíìmù, méje tó kù gbé àwòrán látinú eré. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó dùn ni ìrìn àjò ẹ̀.

Ilé sinimá kọ́ ló sábà máa ń ni ín. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní ọ́fíìsì láwọn ìlú ńlá, ibẹ̀ ni máníjà ilé sinimá ti ń gba fíìmù àtàwọn nǹkan ìpolówó ẹ̀, tí wọ́n bá sì lò ó tán wọ́n á dá a padà tàbí kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú tó kàn. Ẹ wò ó bí àga rọ́bà tí wọ́n ń yá fún òde. Àga kan náà á lọ síbi òkú lọ́jọ́ Jímọ̀, á lọ síbi ìgbéyàwó ní Sátidé, á lọ síbi ìkómọ lọ́jọ́ Àìkú, ọbẹ̀ á ta sí i, ọmọdé á fi ẹsẹ̀ gùn ún, ọ̀dà tí wọ́n fi kọ orúkọ olówó ẹ̀ sẹ́yìn á ti máa bó, ẹni tó jókòó lórí ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà, lọ́jọ́ tó bá sì kán, ààtàn yá, kò sẹ́ni tó máa ṣọ̀fọ̀ àga. Ó dáa, ká padà sórí káàdì. Ìlú kan á fi píìnì kàn án mọ́ pátákó, wọ́n á yọ ọ́, ìlú kejì á tún kàn án, títí tágbára ẹ̀ á fi tán. Ibẹ̀ nihò wọ̀nyẹn ti wá, ẹ̀rí ni pé káàdì náà ṣiṣẹ́ ní ilé sinimá lóòótọ́. Ìgbà ọ̀dá owó sì ni, ìgbà tí àwọn ilé sinimá ń pín abọ́ ọ̀fẹ́ fáwọn obìnrin kí wọ́n ṣáà lè wá wo eré, ta ló fẹ́ máa tọ́jú páálí? Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì wá dé, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn kó bébà jọ fún ogun, káàdì náà tún bá a lọ. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ló jẹ́ kó wọ́n, ètò yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n ṣe láti lò ó dójú ikú. Èyí tó bá yè, ọ̀pọ̀ ìgbà àìbìkítà ẹnì kan ló gbà á là. Ní Berwick, ní Pennsylvania, pósítà 33 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1930 ni wọ́n rí lókè àjà ilé, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn gbagidi torí pé ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn kàn ń lẹ tuntun lé ògbólógbòó ni. Ní 2012 wọ́n tà wọ́n, owó ẹ̀ lé ní 500,000 dọ́là.

Àṣìṣe kejì: pé fíìmù bá ti jẹ́ ti 1931, káàdì náà ti 1931 ni. Rárá o! Ẹ mú fíìmù Dracula. 1931 ló jáde, wọ́n tún gbé e jáde ní 1938, ilé-iṣẹ́ fíìmù kan, Realart, tún gbé e jáde lẹ́yìn ogun, gbogbo ìgbà yẹn ni wọ́n ń tẹ káàdì tuntun, owó wọn ò sì sún mọ́ra rárá. Láti nǹkan bí 1940, ilé-iṣẹ́ kan, National Screen Service, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ń pín ọ̀pọ̀ nǹkan ìpolówó wọ̀nyí, nọ́ńbà wọn máa ń wà ní etí ìsàlẹ̀: ọdún, ìlà kan (/), nọ́ńbà fíìmù. Tí lẹ́tà R bá ṣáájú ẹ̀, àtúngbéjáde ni. Káàdì tó bá ní nọ́ńbà yẹn tí wọ́n wá ní 1931 ni, ẹ bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ní ti ayédèrú, iná tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ń ràn èèyàn lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ bébà òde òní máa ń tàn bí aṣọ funfun lábẹ́ ẹ̀, ti 1930 kì í tàn.

Àwọn kan tún ń sanwó kí wọ́n bá wọn dí ihò píìnì. Ó wù wọ́n. Èyí tó burú ní tòótọ́ ni kí wọ́n gé etí káàdì kó lè wọ férémù, torí etí yẹn ni nọ́ńbà àti orúkọ ilé-iṣẹ́ wà.