Ààbò ní oríta ojú irin ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Oríta ojú irin ni ibi tí títì ti dábùú ọ̀nà rélùwéè, tí mọ́tò, ọ̀kadà àti ẹlẹ́sẹ̀ ń gba orí irin kọjá. Ó wọ́pọ̀ ní Èkó, nítorí pé ìgboro ti fẹ̀ yí ojú irin àtijọ́ ká, èyí tó gbéra láti Ìddó tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157.

Bí ọkọ̀ ojú irin ṣe ń dúró ló ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Rọ́bà ni táyà mọ́tò, ó ń di ọ̀dà títì mú. Ṣùgbọ́n irin ni ẹsẹ̀ rélùwéè, orí irin ló sì ń yí lé, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan dì mú, pàápàá nígbà òjò. Bí ó bá ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, tí awakọ̀ sì tẹ búréèkì pátápátá, ó lè rìn tó kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró, bí ẹrù rẹ̀ bá ṣe wúwo tó. Kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí awakọ̀ bá fi máa rí ènìyàn lójú irin, fèrè nìkan ló sábà máa ń kù ú kù, èyí ló fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kọjá ló ni iṣẹ́ ìyàgò.

Ojú náà a máa tanni: ohun ńlá tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán máa ń dà bí ẹni pé kò yára. Ara ọkọ̀ sì yọ kọjá irin lápá méjèèjì, tó fi lè gbá ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Ní Agége àti Múṣín, bí fèrè bá dún, àwọn oníṣòwò á gbé igbá tòmátì, wọ́n á ká agboòrùn. Ibi tí ojú wọn wà lórí ọjà ni ọkọ̀ kejì ti lè yọ láti òdìkejì.

Kí awakọ̀ mọ́tò má ṣe gun orí irin àyàfi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ níwájú. Bí mọ́tò bá kú síbẹ̀, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì sá kúrò lójú irin ní ìdábùú, síhà ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, nítorí iwájú ni àfọ́kù máa ń fò sí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ forí sọra ní Ṣógúnlé; ènìyàn 6 ló kú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Red Line, ìyẹn ọ̀nà rélùwéè ìgboro Èkó tó ń ná Agbádó sí Òyìngbò, ìjọba Èkó ṣe afárá mọ́tò sí Òyìngbò, Yàbá, Múṣín àti Ìkẹjà, kí mọ́tò lè máa gba òkè kọjá.