Fọ́tò tó pọ́n, kì í ṣe "àwọ̀ gbígbóná"

Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń pe búráùn ara fọ́tò dúdú-àti-funfun, èyí tí Òyìnbó ń pè ní "warm tone", ní "àwọ̀ gbígbóná". Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún rí ẹni tó kọ ọ́ ní "ohùn gbígbóná". Ohùn! Àbí fọ́tò náà ti ní dò-re-mí? Òyìnbó ló ń lo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "tone", fún ti etí àti ti ojú, ìyẹn ò kàn wá.

"Gbígbóná" yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní Arákàlẹ̀, l'Ákùúrẹ́ níbí, ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́ pé oníbàárà fẹ́ "àwọ̀ gbígbóná". Kí n tó ti ìta dé, ó ti gbé dìfẹ́lọ́pà, omi oògùn tó ń mú àwòrán yọ lórí bébà, ka sítóòfù. Omi tó yẹ kó wà ní 20 °C ti ń rú èéfín. Fọ́tò ìyàwó náà yọ lójú ẹsẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbòrí funfun orí rẹ̀ di eérú pátápátá. Mi ò bú u. Ohun tó gbọ́ ló ṣe.

Pípọ́n ni èmi ń pè é. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n, ìbẹ́pẹ ń pọ́n, omidan a sì máa pọ́n bí epo. Ọ̀gá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí l'Óǹdó ní ó ti jọ ìpọ́njú jù, pé kí n lo "rúsúrúsú". Kò burú, àmọ́ bí mo bá fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi jẹ́ kó pọ́n sí i, ṣé "jẹ́ kó rúsúrúsú sí i" ni kí n wí? Àwọn elédè "àwọ̀ kòkó" ńkọ́? Kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni, àbí èyí tó ti gbẹ lórí ẹní?

Ẹ wo dòdò nínú òróró. Yóò kọ́kọ́ pọ́n. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, ó di dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni hóró fàdákà inú bébà, àwọn tó ń di àwòrán. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, búráùn lojú wa ń rí. Bí dìfẹ́lọ́pà ṣe ń mú wọn tóbi sí i ni wọ́n ń dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ kó pọ́n, kó dín iná òróró kù: kó bu omi lu dìfẹ́lọ́pà, kó fi potassium bromide díẹ̀ fà á sẹ́yìn, kó fún bébà ní ìmọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó sì yọ ọ́ kó tó jinná tán. Bébà tí silver chloride pọ̀ nínú rẹ̀ kì í janpata. Èyí tó jẹ́ silver bromide nìkan, agídí ni. Ti àwọn tó ń ki fọ́tò bọ sulfide tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, rírẹ nìyẹn, iṣẹ́ mìíràn ni.

Ibi tó ti le ni pé lábẹ́ iná pupa tí a fi ń ṣiṣẹ́ yìí nínú òkùnkùn, kò sójú tó lè rí pípọ́n. Mo máa ń gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ fi dán an wò, màá rì í bọnú háípò, omi tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba bébà jẹ́ mọ́, màá wá gbé e síta lójú ọ̀sán. Tó bá gbẹ, yóò tún dúdú díẹ̀ sí i. Nítorí náà, èyí tó bá wù mí nígbà tó ṣì tutù, mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ kí n tó tẹ ńlá.