Bí Áàpù Iṣẹ́ Ṣe Ń Di Odidi Lórí Pèpéle Low-code

Ẹni tó bá ṣí pèpéle low-code, ìyẹn irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ́ áàpù láìkọ kóòdù púpọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò bá ojú-ewé òfìfo pàdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni bọ́tìnnì, fọ́ọ̀mù, àwòrán àti àpótí ìkọ̀rọ̀ wà, tó lè fi máọ́sì fà wá sójú-ewé náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ni ibi tí yóò ti sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ṣe. Láàárín wákàtí díẹ̀, nǹkan tó jọ áàpù ti dúró. Ojú yìí ni wọ́n máa ń fi polówó, òun náà ló sì rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó ń gbé áàpù dúró tàbí tó ń bì í ṣubú wà lẹ́yìn rẹ̀: bí dátà ṣe tò, ẹni tó láṣẹ láti rí i, àti ọ̀nà tí áàpù gbà dé ọwọ́ àwọn tó máa lò ó.

Iléeṣẹ́ ìwádìí Forrester ló sọ irú pèpéle yìí ní low-code ní 2014, ṣùgbọ́n èrò náà ti dàgbà ju orúkọ rẹ̀ lọ. Láti 1991 ni Visual Basic ti ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ to bọ́tìnnì sójú kọ̀ǹpútà, Access sì dé ní 1992 fún àwọn tó fẹ́ to dátà tiwọn. Nínú àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú pèpéle yìí, OutSystems bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Lisbon ní 2001, Mendix ní Rotterdam ní 2005. Ohun tó yàtọ̀ lónìí ni pé pèpéle kan náà lè gba áàpù sílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tọ́jú dátà rẹ̀, kó sì tún máa yẹ àwọn tó fẹ́ wọlé wò lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni pèpéle ń ṣe nígbà tí a bá fa bọ́tìnnì kan síbẹ̀? Ó ń kọ àkọsílẹ̀ ni. Àkọsílẹ̀ náà sọ pé ojú-ewé báyìí ní fọ́ọ̀mù báyìí, pé fọ́ọ̀mù yẹn ń kọ nǹkan sínú àtẹ dátà báyìí, pé bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ báyìí ni kó ṣẹlẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà pín sí méjì. Mendix máa ń gbé àkọsílẹ̀ náà fún ẹ́ńjìnì kan tí yóò máa kà á, tí yóò sì máa ṣe ohun tó wí nígbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́. OutSystems ní tirẹ̀ máa ń sọ ọ́ di kóòdù gidi kó tó gbé e jáde. Èyí ó wù kó jẹ́, ọgbọ́n inú áàpù ti so mọ́ pèpéle. Dátà ṣeé kó lọ sí ibòmíràn. Ojú-ewé àti ìlànà iṣẹ́ kì í sábà ṣeé kó. Kí iléeṣẹ́ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ló yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìgbà tí owó láísẹ́ǹsì bá gòkè.

Ẹ jẹ́ ká mú áàpù tí òṣìṣẹ́ fi ń tọrọ ìsinmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé fáìlì Excel tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ wá, tí orúkọ òṣìṣẹ́, ẹ̀ka rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti ọjọ́ ìsinmi jọ wà lórí ìlà kan. Pèpéle á gbà á bẹ́ẹ̀, kò ní jiyàn. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ka kan bá yí padà, orúkọ ọ̀gá àtijọ́ ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ìlà, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Àtẹ mẹ́ta ló yẹ kó wà: ti òṣìṣẹ́, ti ẹ̀ka, ti ìbéèrè ìsinmi. Ìbéèrè tọ́ka sí òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ tọ́ka sí ẹ̀ka, ẹ̀ka ló mọ ọ̀gá rẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni a ó ti máa yí orúkọ ọ̀gá padà. Bébà àti bírò ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, kí ọwọ́ tó kan máọ́sì rárá.

Ìlànà iṣẹ́ ló kàn. Ìbéèrè wọlé, bí ọjọ́ rẹ̀ bá ju mẹ́wàá lọ, kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àti ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ọ̀gá nìkan tó. Yíyà á sórí pèpéle kò gba àkókò. Ohun tó ń gba àkókò ni àwọn ìbéèrè tí pèpéle kò ní bi ẹnikẹ́ni. Ta ló máa fọwọ́ sí i bí ọ̀gá bá wà nínú ìsinmi? Bó bá jẹ́ ọ̀gá náà ló ń tọrọ ìsinmi ńkọ́, ṣé òun ló máa fọwọ́ sí tara rẹ̀? Bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá tí kò sí ìdáhùn ńkọ́? Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló lè dáhùn, bí kò tilẹ̀ mọ kóòdù kankan. Ìdí gan-an tí irú pèpéle yìí fi wúlò nìyẹn: ó ń jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ jókòó sídìí rẹ̀.

Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí mímọ iṣẹ́ nìkan kò lè fi hàn. Power Apps, pèpéle low-code ti Microsoft, jẹ́ àpẹẹrẹ. Fọ́múlà rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Power Fx, jọ ti Excel, kò sì ní ṣòro fún ẹni tó ti lo Excel rí. Nígbà tí áàpù bá fẹ́ wá nǹkan, ó máa ń rán ibi tí dátà wà níṣẹ́, kí ìyẹn wá a, kó sì fi èsì nìkan ránṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo fọ́múlà ni ibi ìpamọ́ dátà gbọ́, ṣá. Èyí tí kò bá gbọ́, áàpù á kó ìlà 500 àkọ́kọ́ wá, á sì wá nǹkan náà láàárín wọn. A lè sún 500 yẹn dé 2,000, kò lè kọjá ibẹ̀. Nígbà ìdánwò tí ìlà kò ju ọgbọ̀n lọ, gbogbo rẹ̀ á pé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, òṣìṣẹ́ á wá ìbéèrè rẹ̀ tì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú àtẹ ló wà. Áàpù kò ní sọ fún un pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àmì ìkìlọ̀ kékeré tó yọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ fọ́múlà náà nìkan ló ti sọ ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú fo àmì yẹn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, iléeṣẹ́ ààbò UpGuard kéde pé àkọsílẹ̀ mílíọ̀nù 38 wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láti inú àwọn ojúlé tí wọ́n fi Power Apps kọ́. Ti ìjọba wà níbẹ̀, ti iléeṣẹ́ aládàáni náà wà níbẹ̀: orúkọ, ímeèlì, àdéhùn ọjọ́ àjẹsára COVID-19. Kò sí ẹni tó jalẹ̀kùn. Àwọn tó kọ́ ojúlé wọ̀nyí ṣí ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà mìíràn lè gbà ka àtẹ dátà, wọn kò sì tan ìṣètò tó ń sọ ẹni tó láṣẹ láti kà á. Lásìkò yẹn, bí èèyàn kò bá fọwọ́ kan ìṣètò náà, pípa ló máa wà. Microsoft yí ìyẹn padà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kan gbogbo pèpéle: fífi bọ́tìnnì tàbí òpó dátà (ìyẹn ìlà òòró inú àtẹ) pamọ́ lójú-ewé kì í ṣe ààbò. Orí àtẹ gan-an ni kí àṣẹ wà, kí òṣìṣẹ́ rí ìbéèrè tirẹ̀ nìkan, kí ọ̀gá rí ti ẹ̀ka rẹ̀. Kí ẹni tó kọ́ áàpù sì gba àkáǹtì òṣìṣẹ́ lásán wọlé kó tó sọ pé ó ti dára, torí àkáǹtì tirẹ̀ ń rí ohun gbogbo.

Bó bá wá ku kí áàpù jáde, ibi mẹ́ta ló yẹ kó gbà: ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ibi tí wọ́n ti ń dán an wò, àti ibi tí àwọn èèyàn ti ń lò ó. Pèpéle á di áàpù pọ̀ bí ẹrù kan, á sì gbé e láti ibì kan dé èkejì. Nǹkan bí àdírẹ́sì ibi ìpamọ́ dátà àti ímeèlì tí ìwífún ń lọ sí kò gbọ́dọ̀ wà nínú fọ́múlà, nítorí wọ́n yàtọ̀ ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibi kọ̀ọ̀kan ló máa pèsè tirẹ̀. Ẹni tó ń tún nǹkan ṣe tààrà níbi tí àwọn èèyàn ti ń lò ó ń fi dátà wọn ṣe ìdánwò ni. Fífi òpó tuntun kún àtẹ kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Yíyọ òpó kúrò lè kó àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ lọ, kí ẹrù tuntun náà sì dé láìsí ohun tí yóò dá a padà.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ àkáǹtì. Lórí ọ̀pọ̀ pèpéle, ìlànà iṣẹ́ máa ń fi àkáǹtì ẹni tó kọ́ ọ ṣiṣẹ́. Bí ẹni náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti àkáǹtì rẹ̀ pa, ìbéèrè ìsinmi á ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n ímeèlì kankan kò ní tọ ọ̀gá lọ mọ́. Nítorí náà, kí áàpù tó jáde, àkáǹtì tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ni kí wọ́n so ìlànà iṣẹ́ mọ́, kí orúkọ èèyàn méjì ó kéré tán sì wà lórí áàpù náà gẹ́gẹ́ bí oní-nǹkan.