Bí owó àánú ṣe ń di ìwádìí kókó inú ọpọlọ

Ní Ìlú Ọba, kò sí jẹjẹrẹ tó ń pa ọmọdé àti àwọn tí kò tíì pé 40 ọdún tó kókó inú ọpọlọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo owó tí wọ́n ti ná sórí ìwádìí jẹjẹrẹ níbẹ̀ láti ọdún 2002 tí àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló kan àìsàn yìí. Oríṣi kókó inú ọpọlọ lé ní 100, àwọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń bá jà kò pọ̀, nítorí náà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn kì í rí èrè tó jọjú níbẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ tún ní odi kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ oògùn ráyè wọlé. Ibi tí ilé-iṣẹ́ oògùn ti ń sá sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ aláàánú ti ń bọ́ síwájú.

Ọwọ́ àwọn tí àìsàn náà ti dé ilé wọn lowó ọ̀hún ti máa ń bẹ̀rẹ̀: òbí tó sin ọmọ, opó, ọ̀rẹ́ tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn kí àwọn ará ibi iṣẹ́ lè dáwó. Nínú oṣù Kẹta ọdọọdún, ẹgbẹ́ Brain Tumour Research máa ń ní kí èèyàn dé fìlà kí ó sì dáwó. Bí ẹni tó dáwó bá ń san owó orí, tó sì fọwọ́ sí i, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 lé pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń kọ tiwọn sínú ìwé ìhágún.

Owó tó bá ti délé ẹgbẹ́ kì í ṣe ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́. Onímọ̀ tó bá fẹ́ ẹ á kọ̀wé: kí ló fẹ́ wádìí, báwo ni yóò ṣe ṣe é, èló ni yóò ná, àwọn wo ni yóò bá a ṣe é. Ẹgbẹ́ á fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ mìíràn, nígbà míì lókè òkun, kí wọ́n tú u wò fínnífínní. Dandan ni èyí fún gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú Association of Medical Research Charities, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń sanwó ìwádìí ìṣègùn jọ. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ á jókòó. Ẹni tí iṣẹ́ bá pa pọ̀ mọ́ ẹni tó ń béèrè owó á jáde síta kí wọ́n tó dá sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, àwọn aláìsàn àti àwọn tó ti tọ́jú aláìsàn wà lára àwọn tó ń ka ìwé wọ̀nyí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí ìbéèrè tiwọn yàtọ̀: ṣé ara á lè gba ìtọ́jú yìí? Ìgbà mélòó ni aláìsàn yóò máa lọ sílé ìwòsàn? Iṣẹ́ tó dáa máa ń pọ̀ ju owó lọ. Ọ̀pọ̀ ló ń padà lọ́wọ́ òfo, kì í sì í ṣe pé wọn ò kúnjú ìwọ̀n.

Ẹni tó mókè pàápàá kì í gba gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan. Yunifásítì á máa ná an, ẹgbẹ́ á máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Owó oṣù olùwádìí, kẹ́míkà àti ẹ̀rọ ni ẹgbẹ́ máa ń san. Ti iná mànàmáná àti ti àtúnṣe ilé kì í sí níbẹ̀. Ní England, ìjọba ya owó kan sọ́tọ̀ láti fi ran yunifásítì lọ́wọ́ lórí ìyẹn.

Ṣé ìjọba ò wá lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe ni? Lọ́dún 2018, lẹ́yìn tí kókó tí wọ́n ń pè ní glioblastoma pa Tessa Jowell, tó ti ṣe mínísítà rí, ìjọba ṣèlérí mílíọ̀nù 40 pọ́n-ùn. Nígbà tó fi máa di 2023, èyí tó ju ìdajì lọ ṣì wà níbẹ̀ láìná. Àwọn tó ń pín owó ńlá ń fẹ́ rí ẹ̀rí kí wọ́n tó ṣí àpò, bẹ́ẹ̀ owó náà lèèyàn nílò láti wá ẹ̀rí. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ sì ń ṣí lọ sídìí jẹjẹrẹ mìíràn. Owó àánú ló ń tú okùn yìí. Ó ń sanwó fún ìdánwò àkọ́kọ́ tó lè já sí asán, ó sì ń jẹ́ kí àwọn olùwádìí pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo. Brain Tumour Research ṣírò rẹ̀ pé ìwádìí ọjọ́ kan ní ibùdó ìwádìí kan ń ná àwọn ní 2,740 pọ́n-ùn, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Yunifásítì Plymouth, àti Queen Mary àti Imperial, tí wọ́n jẹ́ yunifásítì nílùú London, wà lára ibi tí ibùdó wọn wà.

Temozolomide, oògùn tí wọ́n ń lò jù fún glioblastoma, gba ọ̀nà yìí kọjá. Yunifásítì Aston ní Birmingham ni wọ́n ti ṣe é ní àwọn ọdún 1980, ẹgbẹ́ aláàánú Cancer Research Campaign ló sì gbé ìdánwò àkọ́kọ́ lára èèyàn lẹ́sẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ oògùn tó gbà á. Ọdún 2005 ni èsì ìdánwò ńlá jáde, lára aláìsàn 573. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú onítànṣán nìkan, nǹkan bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì. Nínú àwọn tó fi oògùn náà kún un, wọ́n lé ní 26.