Ṣé Oògùn Jẹjẹrẹ Tí Kò Mú Irun Re Kò Ṣiṣẹ́ Ni?

Láti Adó-Èkìtì títí dé Ìdó-Èkìtì, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ìyá wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pé oògùn tí kò bá mú irun orí re, tí kò sì mú èèyàn bì, kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ gidi. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí àwọn kan tí dókítà kọ hóró Tamoxifen fún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmú pa á tì láàárín oṣù mélòó kan, ó sì ń dùn mí gan-an.

Kímò, oògùn jẹjẹrẹ tó sábà máa ń mú irun re, ló ń gbógun ti gbogbo sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa) tó ń yára pín, ti irun sì wà lára wọn. Ọ̀nà Tamoxifen yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, purotéènì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bíi ti ẹmẹsẹ̀ ààfin: bí ẹsitirójìn, họ́mọ́ọ̀nù obìnrin, bá ti so mọ́ ọn, yóò lọ bá DNA, àkójọ ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé, ní ìyẹ̀wù sẹ́ẹ̀lì, yóò sì jíṣẹ́ pé kí sẹ́ẹ̀lì náà máa pín. Tamoxifen ló máa ń gba àyè tí ẹsitirójìn ìbá so mọ́. Ẹmẹsẹ̀ lè dé ìyẹ̀wù o, ṣùgbọ́n ìrísí rẹ̀ ti yí padà, kò sì lè jẹ́ iṣẹ́ náà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí àṣẹ gbà yóò dúró sójú kan, òmíràn yóò sì kú.

Jẹjẹrẹ tí kò bá ní purotéènì yìí kò ní gbọ́ ti oògùn náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹran tí wọ́n gé wò, kí ẹnikẹ́ni má sì gba oògùn náà lọ́wọ́ aládùúgbò.

Sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ abẹ kò rí kó lè fara pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí lílo oògùn náà fi ń gùn tó ọdún 5, nígbà mìíràn ọdún 10. Àwọn ìwádìí ńlá fi hàn pé lílo rẹ̀ fún ọdún 5 fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ewu kí àrùn náà padà wá kù sí ìdajì láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́ náà.

Ó ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá ooru tó ń dédé bo ara. Ṣùgbọ́n obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tó tún rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣàdédé wú, kí ó tọ dókítà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó bá sì ń lò ó kò gbọdọ̀ lóyún.