Ìlà Kan Tó Yẹ Kí Opó Kà Kó Tó San Gbèsè Ilé

Obìnrin kan wọlé sí ọ́fíìsì mi ní Sábó, níbí ní Ìkòròdú, pẹ̀lú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì: ìwé ètò ìsìnkú tí àwòrán ọkọ rẹ̀ wà níwájú, ìwé báńkì tó ti ká kò, àti lẹ́tà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò tíì ya. Oṣù márùn-ún ni ọkọ rẹ̀ ti kú. Ilé tí wọ́n fi mọ́géèjì rà lápá Ìgbógbó ṣì wà lábẹ́ gbèsè, òun sì ń yọ nínú owó ọjà ẹja rẹ̀ san án lọ. "Lọ́yà, ṣé wọn ò ní tì wá síta báyìí?"

Mo wá ìwé tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí nígbà tó yá owó náà. Lójú ewé kẹrin, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ iye èlé sí, ìlà kékeré kan wà níbẹ̀: owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, wọn yóò máa yọ ọ́ mọ́ owó oṣooṣù. Ìyẹn ni pé bí ẹni tó yá owó bá kú, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni yóò san ìyókù gbèsè fún báńkì. Ọdún mẹ́fà lọkùnrin yẹn fi san án. Ìyàwó rẹ̀ ò gbọ́ ọ rí. Báńkì ò sì sọ. Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni kì í sáré wá sọ pé ẹlòmíì ló yẹ kó san án.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ikú lọ́dọ̀ NPC, àjọ ìjọba tó ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Èyí tí ọsibítù fún yín nìkan ò tó. Ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì, ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì náà àti ilé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Kì í ṣe gbogbo gbèsè ló ní in, wọ́n sì lè kọ̀ bí olóògbé bá fi àìsàn pamọ́ nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù. Bí kò bá sí, ẹ lọ síbi iṣẹ́ olóògbé. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, ó kéré tán ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Mo ti rí i tí owó yẹn pa gbèsè ilé rẹ́.

Ṣé opó ló jẹ gbèsè? Rárá, àfi bó bá jọ fọwọ́ sí i tàbí ó ṣe onídùúró. Ilé ló wà ní ìdógò, báńkì sì lè tà á. Wọ́n gbọ́dọ̀ san gbèsè kí ẹnikẹ́ni tó pín ogún, títí kan ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ti pààrọ̀ àgádágodo ẹnu géètì.

Orúkọ tó wà lórí ìwé ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí ìwé bá sọ pé ẹ jọ ni ín láìpín, ẹni tó kù ló ni ín. Bó bá jẹ́ orúkọ ọkọ nìkan, tí kò sì ṣe ìwé ìhágún, irú ìgbéyàwó yín ló kù. Lábẹ́ òfin Èkó, ìyàwó registry máa gba ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ a gba ìdá méjì. Ìdáná nìkan yàtọ̀: nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu lọ́dún 1957, kóòtù gbà pé lásà Yorùbá ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún. Inú mi ò dùn sí i, àmọ́ ohun tí màá bá ní kóòtù nìyẹn. Obìnrin tó bá dá owó sí ilé lè béèrè tirẹ̀ bí ẹ̀rí bá wà. Ẹ tọ́jú álátì báńkì, ẹ tọ́jú rìsíìtì sìmẹ́ńtì.

Ó ku ìrìn Probate, ọ́fíìsì kóòtù tó ń rí sí ogún olóògbé, ní Ìkẹjà, láti gba Letter of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Ẹ má fi falẹ̀. Báńkì ò ní kó ìwé ilé fún yín láìsí i, bí gbèsè tilẹ̀ ti tán.

Obìnrin ọlọ́rá dúdú yẹn, ìnṣọ́ránsì ti san ìyókù gbèsè rẹ̀. Owó oṣù márùn-ún tó fi ẹja san la ṣì ń bá báńkì fà.