Nínú ẹjọ́ ìpànìyàn, àánú ò sí lọ́wọ́ adájọ́

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, bàbá àgbà kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá mi ní ọ́fíìsì. Bàbá yọ ìwé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á kó lè nà. Ẹbí olóògbé ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ti dárí ji ọmọ bàbá yìí tó gún ọmọ àwọn lọ́bẹ níbi ìnáwó, pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́. Wọ́n tẹ̀ka sí i, báálẹ̀ sì lu òǹtẹ̀ lé e. Bàbá ní, "Lọ́yà, ẹ bá wa mú un fún adájọ́. Bí wọn ò bá tiẹ̀ lè tú u sílẹ̀, kí wọ́n fún un lẹ́wọ̀n gbére. Ẹ ṣáà bá wa bẹ̀ wọ́n."

Ìdílé kẹta tó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi lọ́dún yìí nìyẹn. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ìpànìyàn kì í ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ tí ẹbí méjì lè jókòó yanjú lábẹ́ igi. Ìjọba ló ni ín. Ẹ wo iwájú ìwé ẹ̀sùn, orúkọ ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìyá olóògbé. Láwọn ìpínlẹ̀ Òkè Ọya kan tí wọ́n ti ń lo òfin Ṣàríà, ẹbí lè gba owó ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n sì dárí jini. Nílẹ̀ Yorùbá níbí, kò sí ohun tó jọ ọ́ nínú ìwé òfin wa.

Ti ẹ̀bẹ̀ ló tún le jù. Abala 319 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá pànìyàn, ikú ni ìdájọ́ rẹ̀. Kò fi "tàbí ẹ̀wọ̀n" sí i, kò sọ pé "bó bá wu adájọ́." Òfin tí Èkó ṣe fún ara rẹ̀ kò yàtọ̀ síyẹn. Bí adájọ́ bá ti pe ènìyàn ní apànìyàn, ọwọ́ rẹ̀ ti di nìyẹn. Yóò bi lọ́yà bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ, lọ́yà yóò dìde, yóò bẹ̀bẹ̀. Mo ti dúró síbẹ̀ rí. Mo sọ ti àwọn ọmọ kéékèèké mẹ́ta tí oníbàárà mi bí, mo sọ pé kò ṣẹ̀wọ̀n rí, mo sọ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Adájọ́ gbọ́ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní òfin ò fún òun láyè. Ó wá ní kí wọ́n yẹgi fún un. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n bó ti ń kà á.

Níbo wá ni ẹ̀wọ̀n gbére ti ń wọlé? Nínú ẹ̀sùn ṣíṣèèṣì pànìyàn ni, abala 325. Níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni òkè pátápátá, adájọ́ sì lè fúnni lóhun tó kéré sí i. Gbogbo iṣẹ́ lọ́yà tó mọṣẹ́ nínú irú ẹjọ́ yìí dá lórí ààlà tó wà láàárín ẹ̀sùn méjèèjì, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń pa ara wọn lára. Wọ́n rò pé báwọn bá ṣáà ti ní àwọn ò mọ̀ọ́mọ̀, ó parí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó o bá fẹ́ ṣe ènìyàn léṣe tó lágbára, tó sì tibẹ̀ kú, abala 316 sọ pé ìpànìyàn ni, ìbáà ṣe pé o ò gbèrò ikú rẹ̀ rárá. Ọmọkùnrin tó ń sunkún ní tẹ́ṣàn, tó ń sọ pé "Mi ò fẹ́ pa á, mo kàn fẹ́ ṣá a lọ́wọ́ kó má bàa jí mi lólè mọ́ ni," ó rò pé ara òun lòún ń gbà. Okùn ló ń fi sọ́rùn ara rẹ̀.

Ìbínú lè sọ ìpànìyàn di ṣíṣèèṣì pànìyàn, bó bá jẹ́ pé ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n tọ́ ọ níjà lo ṣe é kí ara rẹ tó tutù. Ẹni tó wọlé lọ mú àdá, tó tún padà wá, ara rẹ̀ ti ní àyè láti tutù nìyẹn.

Àjẹ́ ńkọ́? Láti 1954 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti dá ẹjọ́ Gadam. Ọkùnrin náà gbà pé obìnrin kan ló fi àjẹ́ mú ìyàwó òun, ó sì lu obìnrin náà pa. Ilé ẹjọ́ ní ìgbàgbọ́ nínú àjẹ́ kì í ṣe àwíjàre tí òfin lè gbà, bó ti wù kó dá a lójú tó. Ó ti lé ní 70 ọdún, síbẹ̀ àwọn wòlíì kan ò yé tọ́ka ìyá àgbà sáwọn ọmọ rẹ̀. Wòlíì náà kì í sí ní kóòtù lọ́jọ́ ìdájọ́. Ọmọ nìkan ló máa ń dá dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Àwọn oníṣègùn tó sì ń ta oògùn "ẹjọ́ á dàwátì" náà ń bẹ níbẹ̀. Mo ti rí oníbàárà tó fi ataare sábẹ́ ahọ́n wá jẹ́rìí gbe ara rẹ̀. Ẹnu ń ta á, kò lè dáhùn ìbéèrè kan kó já gaara, adájọ́ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, owó tí ẹ fẹ́ fún wọn, ẹ fi wá lọ́yà tí yóò dé tẹ́ṣàn lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ yín.

Ní tẹ́ṣàn ni mo sọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Òfin wa gbà kí adájọ́ fi ìjẹ́wọ́ nìkan dá ènìyàn lẹ́bi, bó bá dá a lójú pé ẹni náà fínnúfíndọ̀ sọ ọ́, ìbáà tiẹ̀ sẹ́ ẹ níwájú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyẹn ni pé bébà tí wọ́n kọ lóru, nínú yàrá tí kò sí ẹbí kankan níbẹ̀, lè tó láti pa ọmọ yín. Òfin tí Èkó ṣe nípa bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn sọ, ní abala 9, pé kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà wà níbẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ sì béèrè èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá sọ Yorùbá, Yorùbá ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ pé ọlọ́pàá kan ló túmọ̀ tí òmíràn ń kọ, ẹni tó túmọ̀ gbọ́dọ̀ wá sí kóòtù wá jẹ́rìí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní àìmọye ìgbà. Bí kò bá wá, àgbọ́sọ lásán ni bébà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí èyí máa gbóná lára mi. Ọmọ ọdún 19 kan ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jà lórí owó oúnjẹ. Wọ́n jọ wọ̀yá ìjà, èkejì fẹ̀yìn lélẹ̀, ó fi orí gbá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí rí i pé kò dìde, ó sáré lọ pe ọ̀gá wọn. Ohun tó sọ fún ọlọ́pàá ni pé, "Mo pa á tì síbẹ̀, mo sáré lọ pe ọ̀gá." Ẹ̀yin tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ló ń sọ. Ọlọ́pàá kan gbọ́, ó sọ ọ́ fún èkejì, ìyẹn sì kọ ọ́ lóyìnbó pé òun pa á síbẹ̀, òun sì sá lọ bá ọ̀gá òun. Ọ̀rọ̀ kékeré kan péré ló já sọnù, "tì." Wọ́n ní kó tẹ̀ka, ó tẹ̀ka. Kò mọ̀wé kà.

Kì í ṣe èmi ni mo gba ẹjọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́yà tó ṣe é ò bi ẹnikẹ́ni nípa èdè. Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ọjọ́ 90 ni òfin fúnni láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Wòlíì kan sọ fún ìyá ọmọ náà pé kí wọ́n má tíì ṣe ohunkóhun títí àdúrà ọjọ́ 21 yóò fi parí, ó tún bu òmíràn lé e, ó tún bu òmíràn. Ìyá ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ 90 ti kọjá tipẹ́, a kọ́kọ́ ní láti tọrọ àyè kí wọ́n tó gba ìwé wa.

Nígbà tí mo ka fáìlì náà, mo wá èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ. Kò sí. Mo wá orúkọ ẹni tó túmọ̀ nínú àwọn tó jẹ́rìí. Kò sí. Ó ku ọ̀gá wọn, tó ti sọ ní kóòtù pé ọmọ náà ń sunkún nígbà tó wá pe òun, pé ó ní kí òun máa bọ̀ kíá. Orí ìyẹn ni mo dúró lé. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn da bébà náà nù, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ nígbà yẹn, ìyá rẹ̀ sì ti kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ tú u sílẹ̀, wọ́n gbé ìwé kan fún un pé kó tẹ̀ka. Ó káwọ́ sẹ́yìn. Ó ní kí n kọ́kọ́ kà á fún òun ní Yorùbá. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà.

Ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí nígbà tí wọ́n bá bi mí èwo ló tọ́, ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére. Mo dúró ti ẹ̀wọ̀n gbére, mi ò sì fi bò. Kì í ṣe pé mo fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀mí ẹni tí wọ́n pa. Àṣìṣe kóòtù ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí mo mọ ibi tó ti ń wọlé. Ẹ ṣèwádìí ẹjọ́ Bello àti ìjọba Ọ̀yọ́, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n dájọ́ ikú fún ọkùnrin náà nítorí ìdigunjalè, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ẹjọ́ ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ tí ìjọba fi pa á. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìjọba ṣe ohun tí kò bófin mu, wọ́n sì ní kí wọ́n sanwó fún àwọn tó fi sílẹ̀. Owó ni wọ́n rí san.

Àwọn tó fara mọ́ ìdájọ́ ikú á ní ikú ló ń dẹ́rù ba ọ̀daràn. Ní 1971, èrò kún Bar Beach l'Ékòó, wọ́n wo bí wọ́n ṣe yìnbọn pa Oyenusi, ògbólógbòó adigunjalè, ní gbangba. Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn ni Anini, adigunjalè mìíràn, ń da ìlú Bìní rú. Wọ́n á tún ní ọdún ẹ̀wọ̀n, oṣù mẹ́jọ ni, pé apànìyàn á tètè jáde. Ìdínkù yẹn wà fún ẹni tí wọ́n ka ọdún fún. Kò sí ọdún tí wọn yóò dín nínú ẹ̀wọ̀n gbére.

Kí la tiẹ̀ ń fi ìdájọ́ ikú yìí ṣe? Ó lé ní 3,000 ènìyàn tó ń dúró de okùn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ gómìnà kì í sì í fọwọ́ sí ìwé ikú. Ní 2013, wọ́n yẹgi fún mẹ́rin nílùú Bìní, ní 2016 mẹ́ta níbẹ̀ kan náà. Àwọn tó kù jókòó, wọ́n ń fetí sí ìró kọ́kọ́rọ́ láràárọ̀. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019 gbà pé bí ẹni tó ti pe gbogbo ẹjọ́ tán bá lo ọdún mẹ́wàá tí wọn ò pa á, adájọ́ àgbà lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Kí ló dé tí a ò kúkú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀? Tógò ti fòpin sí ìdájọ́ ikú láti 2009. Ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé gbè wá, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè fòpin sí i ní 2016, ní 2018 wọ́n sì yí ti àwọn 14 tó kù sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kẹ́ńyà kò pa á rẹ́ ní 2017, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀ranyàn, kí adájọ́ lè wo ẹjọ́ kó tó yàn. Tiwa sọ ní 1998, nínú ẹjọ́ Kalu, pé ìdájọ́ ikú bá òfin orílẹ̀-èdè mu, ibẹ̀ la ṣì wà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nìkan ló lè yí abala 319 padà, mo sì ń bẹ̀ wọ́n.

Mo dá ìwé bàbá padà fún un. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa, pé bí nǹkan bá burú, ó lè wúlò níwájú gómìnà, ẹni tí òfin fún lágbára láti dárí jini. Mo wá bi í ibi tí wọ́n ti gba sítétímẹ́ǹtì ọmọ rẹ̀ àti èdè tó fi bá wọn sọ̀rọ̀. Bàbá wo àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà ní, "Yorùbá ló sọ, òyìnbó ni wọ́n kọ. Èmi náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Mo ní kí wọ́n jókòó padà, mo sì mú kálámù.